Dẹ́rẹ́bà, Tẹ Bíréèkì: Ẹ̀kọ́ tí Ìlù Jẹ́jẹ́ Kọ́ Mi

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkàrẹ́)

Wọ́n ní kí oníròyìn yín sọ̀rọ̀ ṣókí. Ọ̀rọ̀ ìlù ni, kì í ṣe ti òṣèlú. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ jáde ní 2007 á rántí pé èmi ni mo ń lu dúrọ́ọ̀mù nínú bándì wa. Ẹ á rántí ọjọ́ ìdágbére náà. Orin rọ́ọ̀kì jẹ́jẹ́ la fẹ́ kọ, mo bá ki eré mọ́ ọn. Ká tó dé ẹsẹ kejì, àwọn akọrin ò rí èémí mí mọ́. Wọ́n dákẹ́, ìlù mi nìkan ló kù. Ọ̀gá orin wa, ọmọ Ọ̀kà, pè mí sẹ́yìn. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn ní: "Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà? Jíà wan ló ń lò. Ẹni tó bá sáré níbẹ̀ kì í ṣe akọni."

Láti ọjọ́ náà, "Dẹ́rẹ́bà" ni gbogbo ilé wọn ń pè mí. Ojú tì mí, mo pa ìlù tì.

Ìgbà tí mo dé Políì ni mo tó gbọ́ Tony Allen dáadáa. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1940. Ọmọ ọdún 18 ló bẹ̀rẹ̀ ìlù. Ó bá Fela ṣeré láti 1964 di 1979, ó sì kú ní Paris ní 2020. Ó ti lé ní ẹni ọdún 60 nígbà tí òun àti Damon Albarn jọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rọ́ọ̀kì kan ní ìlú òyìnbó, The Good, the Bad & the Queen, tó jáde ní 2007, ọdún tí àwa náà jáde. Gbogbo agbára Afrobeat wà lọ́wọ́ bàbá yìí, síbẹ̀ ó ń fi àyè sílẹ̀ kí orin lè sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí pé ọ̀gá wa ti lọ, pé orin ọjọ́sí la máa kọ níbi ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dánra wò. Ẹsẹ̀ á lu ọ̀kan àti ẹ̀ta, snare á gba èjì àti ẹ̀rin, hi-hat á máa lọ ní méjì-méjì. Ó tán. Ọmọdé lè kọ́ ọ lọ́sàn-án kan. Àlàfo tó wà láàárín ni wàhálà. Mo fi fóònù ka 60 ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ sì ń yún mi láti fi nǹkan dí i. Ìgbà tí mo gba ìlù mi sílẹ̀ tí mo tẹ́tí sí i ni mo rí ibi tí mo ti ń sáré: ìparí ìlà ni, níbi tí akọrin ti ń mí. Mo bá ń kà á sókè, "ọ̀kan-àti, èjì-àti", mo sì ń kọ orin náà sínú.

Lọ́jọ́ ìsìn ní Ọ̀kà, nígbà tó di ẹsẹ kẹta, omi bọ́ lójú mi, ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré. Mo gbọ́ tí àwọn akọrin mí. Mo dúró dè wọ́n. A kọ ọ́ dé òpin.

Nígbà tí mo lọ kí màmá, ìyàwó ọ̀gá, wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Dẹ́rẹ́bà, o tẹ bíréèkì lónìí."

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó jókòó síbí, ẹ̀kọ́ yín ò sọnù. Ó kàn pẹ́ kó tó yé wa ni. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún ríra láyọ̀.