Krib: ẹ mọ akọ, ẹ mọ abo, kí ẹ sì fi ìkòkò yẹn sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ fún mi pé guppy yín ti bímọ. Ẹ kú ewu ọmọ o. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, guppy kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ láàyè ló ń bí, kí ẹ tó bọ́jú tán, ó ti bí ogún. Ẹja tó ń yé ẹyin ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Krib ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí òun ló fìyà jẹ mí jù.

Ẹni tó ta tèmi fún mi ní òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí wọ́n ń sìn ín káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù gan-an ni ilé rẹ̀. Odò Ethiope ní ìpínlẹ̀ Delta wà lára ibi tó ń gbé. Ọdún 1901 ni onímọ̀ ẹja kan, Boulenger, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó pè é ní pulcher, ìyẹn ni "arẹwà" ní èdè Látìn. Ọmọ ilé wa ni mo fi owó àlejò rà!

Èyí tó dùn mí jù ni pé akọ ni méjèèjì tí mo rà. Mo rí i pé ikùn ọ̀kan pọ́n díẹ̀, mo ní abo nìyẹn. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi fa lẹbẹ ara wọn ya. Ikùn akọ náà máa ń pọ́n díẹ̀ o, ẹ má fi ìyẹn nìkan mọ̀ ọ́n. Akọ gùn jù, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹnu lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣóńṣó. Abo kúrú, ó rí rogodo, lẹbẹ tirẹ̀ kò ṣóńṣó tó bẹ́ẹ̀. Tó bá sì ti fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí osùn, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Tánkì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 ti tó fún tọkọtaya kan. Ní Èkó níbí, ooru ilé ti tó, mi ò ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Fílítà oníkànrìnkàn ni kí ẹ lò, kó má fa ọmọ ẹja wọlé, kí ẹ sì ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì nílẹ̀ torí iná tó ń lọ. Lẹ́yìn náà, ìkòkò amọ̀ kékeré: ẹ fọ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dà á dojú dé. Inú ihò ni krib ń yé sí.

Obìnrin ló ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọkùnrin nínú wọn. Á tẹ ara rẹ̀ kọrọdọ níwájú akọ, á máa gbọ̀n, á máa fi ikùn pupa yẹn hàn án. Nígbà tó bá yá, ẹ ò ní rí i mọ́. Akọ nìkan lẹ ó máa rí lẹ́nu ìkòkò, tó ń lé gbogbo ẹja yòókù. Ẹyin ti wà nínú ilé nìyẹn, ó lè tó igba, lára àjà ìkòkò.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣi í ṣe. Mo fẹ́ ya fídíò sórí WhatsApp, mo gbé ìkòkò sókè, mo tan iná fóònù sí i. Ẹyin rẹpẹtẹ! Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló kí mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹyọ kan. Àwọn òbí ti jẹ ẹ́ tán. Tí ẹ̀rù bá ti bà wọ́n, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, abo tún pọ́n. Mo fi aṣọ bo iwájú tánkì. Ní bíi ọjọ́ kẹta ni ẹyin máa ń pa, ṣùgbọ́n ọmọ kò tíì lè wẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìyá tó kó wọn jáde, bí èèrà tó ń rìn nínú omi. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Oúnjẹ wọn ni artemia tuntun: ẹ da ẹyin rẹ̀ sínú omi iyọ̀, kí afẹ́fẹ́ máa hó nínú rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 24. Àwọn kan ń lo pupa ẹyin adìẹ sísè. Mo gbìyànjú rẹ̀, omi rùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ́mísírì, ẹ gbọ́ èyí: tí omi bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, tí pH rẹ̀ lọ sílẹ̀, akọ ló máa ń pọ̀ jù láàárín ọmọ krib.

Mo ka mọ́kànlélógójì lánàá. Aṣọ yẹn ṣì wà lójú tánkì. Ẹ má bi mí ní fídíò.