Fọ́ọ̀mù Oníduró: Ta Lo Ń Fọwọ́ Sí I Fún?

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan dá mi dúró ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńbí. Àdúgbò kan náà là ń gbé. Ó na fọ́ọ̀mù kan sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe oníduró. Iṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ ààbò. Wọ́n máa fún wa ní yúnífọ́ọ̀mù, bóyá ìbọn náà." Mo ka fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n tó ọdún márùn-ún, pé ìwà rẹ̀ dáa, pé kò rú òfin rí. Ẹ gbọ́, ìnagijẹ ọmọ yẹn nìkan ni mo mọ̀. Mi ò mọ orúkọ bàbá ẹ̀.

Mo ní mi ò lè fọwọ́ sí i. Inú bí i, ó sì dun èmi náà. Ṣùgbọ́n mo rántí bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀yọ́, lẹ́bàá Akẹ̀sán, tó fọwọ́ sí irú fọ́ọ̀mù yìí fún ọmọ aládùúgbò. Ọmọ náà kó owó ibiṣẹ́, ó sá lọ. Bàbá ni wọ́n wá gbé ní ìdájí, tòun ti ṣòkòtò tó fi sùn.

Oníduró kì í ṣe àyẹ̀wò. Ọba lè fọwọ́ sí i, adájọ́ májísíréètì lè fọwọ́ sí i, ọ̀gá ilé-ìwé náà lè fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá gan-an máa ń dárúkọ irú àwọn ẹni ńlá báyìí. Ẹ̀rí ẹnu ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n lè mọ ìdílé ọmọ, kí wọ́n má mọ ohun tó ṣe nígbà tó fi wà l'Ékòó.

Àyẹ̀wò gidi, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015, ní kí ọlọ́pàá ní ibùdó àkọsílẹ̀ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n ya fọ́tò ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ̀, kí ìdájọ́ kóòtù sì dé ibùdó náà láàárín 30 ọjọ́. Ìwé ẹ̀rí ìwà tí ọlọ́pàá máa ń fúnni náà wà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti máa ń béèrè fún un, lórí POSSAP, kó tó lọ tẹ̀ka.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí àkọsílẹ̀ bá wà tí kò rìn. James Ibori. Lọ́dún 1991, kóòtù kan ní London dá a lẹ́bi olè jíjà ní ṣọ́ọ̀bù Wickes, níbi tó ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Lọ́dún 1992, wọ́n tún dá a lẹ́bi lórí káàdì báǹkì tí wọ́n jí. Ìwé òfin Nàìjíríà sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ìwà àìṣòótọ́ kò gbọdọ̀ du ipò gómìnà títí ọdún mẹ́wàá á fi kọjá. Ẹ bá mi kà á: láti 1991 sí 1999, ọdún mélòó ni? Síbẹ̀, ó di gómìnà Delta lọ́dún 1999, ó lo ọdún mẹ́jọ gbáko. Agbẹjọ́rò ìjọba ní London sọ pé ńṣe ló yí ọjọ́ ìbí ẹ̀ padà kí ẹjọ́ àtijọ́ má baà hàn. Ní oṣù kẹrin 2012, kóòtù Southwark rán an lẹ́wọ̀n ọdún 13, lẹ́yìn tó gbà pé òun jẹ̀bi. Gbogbo ìgbà yẹn, àkọsílẹ̀ 1991 wà ní London. Kò dí i lọ́nà.

Ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tẹ́ ẹ fẹ́ já pa, títí di ọdún 2025, kéèyàn tó lè ti ibí lọ wẹ arúgbó ní Leeds, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní kó mú ìwé ọlọ́pàá wá láti orílẹ̀-èdè tó bá ti gbé tó ọdún kan láàárín ọdún mẹ́wàá. Níbí, ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn, èmi tí mo mọ ìnagijẹ ẹ̀ ni wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí.

Àmọ́ nǹkan kan ń bà mí lẹ́rù o. Mélòó nínú yín ni wọ́n ti dá dúró lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí láptọ́ọ̀pù? Wọ́n á mú ẹ sùn sí àgọ́, wọ́n á tú ẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òfin 2015 yẹn ní kí wọ́n gba ìtẹ̀ka ẹni tí wọ́n bá mú, kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Tí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò bá lọ ka mímú sí ẹ̀bi, ọmọ tí ò ṣe nǹkan kan á pàdánù iṣẹ́. Ohun tí kóòtù bá sọ ni kí ìwé náà sọ. Ẹni tó sì jí fóònù ní ọmọ ọdún 19, tó ti ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ tán, mi ò ní kó má ṣiṣẹ́ ìjọba láéláé. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn ni mi ò ní kí wọ́n tètè kó fún un.

Mo sọ fún ọmọ Tákìé yẹn pé kó lọ gba ìwé ọlọ́pàá, mo máa fún un lówó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ká sì jọ lọ kí bàbá ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gbà á mọ." Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti rí ẹlòmíì fọwọ́ sí i.

Tó o bá ti ṣe oníduró fún ẹnì kan rí, fi ohùn ẹ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A óò máa gbọ́ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà o.