Ilé-Ìwé Ti Padà, Olùkọ́ Ńkọ́?

Ní 1928 ni Ìjọ Àgùdà dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Èkó. Ìjọba gba irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ; ní 2001 ni ìjọba Èkó dá púpọ̀ padà. A yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ Kátíkísìmù lórí, tí ó sì ń jí ìwé wò nínú ìdánwò, kò ní ẹ̀kọ́, kò ní ìgbàgbọ́. Ìwà olùkọ́ ni ọmọ kọ́kọ́ ń kà. Ẹ jẹ́ kí a wá olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kí a sanwó rẹ̀ lásìkò. Kí àwa òbí má sì ra ìdáhùn ìdánwò fún ọmọ wa. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.