Bí Ọmọ Wa Ṣe Parí Ẹ̀kọ́ Másítà Nígbà tí Iṣẹ́ Ológun ń Ṣí Wọn Lọ sí Jámánì

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

Akọ̀wé ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè-òkun. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò púpọ̀. Nítorí náà, apá kan rẹ̀ tí ó kan ilé tèmi ni n óò mú sọ.

Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ẹ̀kọ́ Másítà nípa ètò ìlera ìlú ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, jẹ́ ṣọ́jà ilẹ̀ náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìwé àṣẹ dé pé kí wọ́n wà ní Jámánì kí oṣù keje tó parí. Ó ku ẹ̀kọ́ méjì àti ìwé ìwádìí rẹ̀ kí ó tó gba oyè. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ó jọ pé n óò jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí.”

Àwọn kan lè máa rò ó pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú ogun Amẹ́ríkà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 2009 títí di 2016, ìjọba ibẹ̀ ní ètò kan tí ó fi ń gba àwọn àlejò sí iṣẹ́ ológun nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, èdè Yorùbá sì wà lára èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Ètò náà ti dópin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìwé ìgbélùú títí láé ṣì lè wọ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìṣípòpadà náà ṣe rí. Ẹni tí ó bá mú ìdílé rẹ̀ lọ sí Jámánì a sábà lo ọdún 3 níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbà kí aya àti ọmọ bá a lọ, wọ́n ní láti yẹ ara gbogbo wọn wò, nítorí bí ọmọ kan bá ní àìsàn tí ilé ìwòsàn ibẹ̀ kò lè tọ́jú, ó lè jẹ́ pé bàbá nìkan ni yóò lọ. Lẹ́yìn èyí ni ti ìwé ìrìnnà. Ní ti ẹrù, díẹ̀ a yára lọ ṣáájú, èyí tí ó pọ̀ jù a wọ ọkọ̀ ojú omi, a sì lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́nà. Àwọn tí ń di ẹrù kì í bi ni léèrè. Ohunkóhun tí ojú wọn bá rí ni wọ́n ń dì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n di ìwé tí ọmọ mi kọ ọ̀rọ̀ àwọn abiyamọ tí ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sí mọ́ ìkòkò ọbẹ̀! Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó kó o pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ìwé ìrìnnà sínú balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lẹ bébà mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré ṣáájú ọ̀rọ̀. Lálẹ́ tí ó pè mí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. Lẹ́yìn tí mo kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, mo ń fi àkókò ìsinmi kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní oko jíjìn. Ojú tì mí láti lọ bá àwọn olùkọ́ mi. Mo rò pé wọn yóò ní mo ń tọrọ àánú. Mo pàdánù ọdún kan gbáko, mo sì tún owó san. Ìgbà tí ó yá ni ẹnìkan sọ fún mi pé lẹ́tà kan péré ni ì bá gbà mí. Mo ní kí ó má ṣe bíi tèmi, kí ó lọ béèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ó mú ìwé àṣẹ náà dání. Wọ́n jọ ka òfin yunifásítì. Wọ́n rí i pé ó lè ka ẹ̀kọ́ méjèèjì tí ó kù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè dúró níwájú àwọn aṣèdánwò láti ọ̀nà jíjìn, bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún sáà náà. Ohun tí kò ṣeé ṣe láti Jámánì ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí Texas ni àwọn abiyamọ náà wà. Nítorí náà, èyí ni ó kọ́kọ́ parí, ó fi kíkọ ìwé sí ẹ̀yìn.

Ní ti owó, ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ibí ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣìnà. Owó ìrànwọ́ MyCAA tí wọ́n ń fún àwọn aya ṣọ́jà kì í san owó Másítà. Post-9/11 GI Bill ni ó lè san án. Ṣọ́jà tí ó ti lo ọdún 6 lè fi í fún aya tàbí ọmọ rẹ̀, bí ó bá gbà láti fi ọdún 4 kún iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ ọmọ mi ṣe é. Ó sì tún gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2, ó gbé ọmọ pọ̀n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín.

Àwa ará ilé ńkọ́? A kò gbìyànjú. Nínú oṣù tí ọmọ yìí ń di ẹrù ni a ránṣẹ́ owó aṣọ ẹbí sí i, àǹtí rẹ̀ kan sì bínú pé kò gbé fóònù. Èmi náà wà lára àwọn tí ń pè é lóru.

Ní oṣù kẹsàn-án ni ó dúró níwájú àwọn aṣèdánwò. Aago 2 ọ̀sán ni ní Texas, aago 9 alẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹrù wọn kò tí ì dé. Tábìlì àyálò ni ó gbé kọ̀ǹpútà lé, ọmọ rẹ̀ sì ń sùn ní yàrá kejì. Nílé níbí, aago 8 ni. Kò sí iná. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó ti àtùpà, a gbé fóònù sí àárín, kò sí ẹni tí ó lè jẹun. Ó kọjá aago 9 dáadáa kí ó tó dún. Ìyá rẹ̀ ni ó gbé e, igbe tí ó sì ké ni ó jí àwọn aládùúgbò.

Àwọn tí ọmọ wọn bá ní irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n rí mi lẹ́yìn ìpàdé.