Bí Màlúù Ṣe Ń Fara Da Ooru àti Òǹgbẹ



Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo bá èrò tó pé jọ lẹ́bàá títì ní Mowe. Ọkọ̀ tó ń kó màlúù bọ̀ láti òkè Ọya lọ sí ọjà Kara, lẹ́bàá odò Ògùn, ló dúró níbẹ̀. Akọ màlúù kan ti dùbúlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, itọ́ ń dà, ó ń mí helehele. Ọmọkùnrin kan ń nà án lọ́pàá. “Ọ̀lẹ ni,” ló ń wí. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ooru ló ń pa á lọ, owó olówó sì fẹ́ bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ara màlúù gbóná ju tiwa lọ: tirẹ̀ tó 38.5°C, tiwa jẹ́ 37°C. Inú rẹ̀ pàápàá ń dá ooru sílẹ̀. Ṣàkì tí ẹ ń rà lọ́wọ́ alápatà, àpò ńlá ni nígbà tí ẹran wà láàyè. Ibẹ̀ ni koríko ti ń kan bí ògì tí a rẹ, ooru a sì máa ti ibẹ̀ jáde. Nítorí náà ni màlúù kì í fẹ́ jẹun lọ́sàn-án gangan. A dúró di ìrọ̀lẹ́ tàbí òru. Àpò yìí kan náà ni àmù rẹ̀, ó lè gbà ju 100 lítà lọ. Bí omi bá wọ́n, ẹran a máa fa omi ibẹ̀ lò díẹ̀díẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ a dín kù, ìgbẹ́ rẹ̀ a gbẹ. Báyìí ni màlúù àwọn Fúlàní ṣe lè fi ọjọ́ méjì rìn láìmu omi. Ẹ̀yin ọmọdé, iké ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe agbè omi. Ẹran àti ọ̀rá ló wà níbẹ̀.

Irun rẹ̀ funfun, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Awọ abẹ́ irun náà sì dúdú, kò jẹ́ kí oòrùn jó o. Òógùn ló kù. Ẹ rántí àmù inú yàrá: omi tó ń rin jáde lára rẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbẹ, ló ń mú un tutù. Ẹfọ̀n omi tí wọ́n ń sìn ní Íńdíà àti Íjíbítì kò ní òógùn púpọ̀, ó sì dúdú. Inú ẹrẹ̀ ló ń lọ pàfọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n àmù kì í tutù níbi tí atẹ́gùn kò sí. Ooru tiwa ní Ibafo àti Mowe lọ́rinrin. Òógùn kì í tètè gbẹ bíi ti òkè Ọya. Ẹran tó fara da Kánò lè ṣubú síhìn-ín.

Bàbá alápatà kan ló gba ọ̀pá náà: “Ọmọ mi, fi í sílẹ̀.” Wọ́n fa ẹran sábẹ́ igi, wọ́n ń da omi sí i lára, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó dìde.

Láti ọdún 2021 ni òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní kí a máa sin màlúù lójú kan. Òfin yìí dára lójú tèmi, nítorí oko àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tí a sé mọ́ kò lè wá ibòji tàbí odò fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé ẹran ní Ifo, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n dé òkè. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ wọlé. Ẹ gbin igi sí i lára. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà méjì sọ́kàn fún màlúù àgbà kan lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì pọn ọ́n sílẹ̀ kí oòrùn tó mú.