Ìgò Máàtì Kan ní Ìbàdàn

Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò ní àlejò kankan. Èmi nìkan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ, nítorí èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn.

Ṣé ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ẹgbẹ́ wa ń lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ méjì? A ti lọ, a sì ti dé. Àwa mẹ́sàn-án la jọ jáde yunifásítì. Èkó ni gbogbo wa ń gbé báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la sì máa ń rin ìrìn àjò kékeré pọ̀. Èmi ni mo máa ń ṣètò rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ mi: kí n kó èèyàn jọ, kí n máa wo aago, kí n máa pariwo.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀. A wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, a sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà. Kìlómítà 157 ni. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sí "ẹ sún mọ́ra". Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé Mọníyà kì í ṣe àárín ìlú. Ẹ fi owó Máíkírà sínú ètò yín. Àwa ò fi sí i, àpò mi ló sì ti jáde.

Dúgbẹ̀ la kọ́kọ́ lọ, láti wo Ilé Kòkó. Àjà 26 ni, ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wa, tí bàbá bàbá rẹ̀ gbin kòkó títí tó fi kú, gbójú sókè wò ó pẹ́. Ó ní, "Nínú gbogbo àjà yìí, ó yẹ kí bíríkì kan jẹ́ tiwa." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò parọ́.

Láti ibẹ̀, mo fa gbogbo wọn lọ sí Agodi, níbi tí tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Géètì lásán lò ń yà yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mò ń fi ohùn àti àwòrán jẹun, ibẹ̀ ni oúnjẹ mi ti bẹ̀rẹ̀.

A jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, a sinmi. Nígbà tó di alẹ́, a lọ sí ilé ọtí kan ní Bódìjà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé àṣà wa. Iye kan náà ni gbogbo wa ń dá, owó ọtí sì wà nínú rẹ̀. Tí ìyẹn bá tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ra ọtí yí tábìlì ká nígbà tó bá kàn án. Ọ̀rẹ́ wa kan wà tí à ń pè ní Kọmíṣọ́nnà fún Ọ̀rọ̀ Ọtí nígbà tí a wà nílé ìwé. Ó gbà kí n sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Kọmíṣọ́nnà ní kí wọ́n gbé máàtì wá fún òun.

Ẹnu mi ò gbélé. Mo ké sí ìyá olọ́tí pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá fídà fún ọmọ yìí!" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Mo gba ife ọwọ́ rẹ̀, mo bu bíà kún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde, ó ní òun ń bọ̀.

Kò padà. Mo bá a níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń yan ẹran.

Ó ní, "Oṣù keje rèé tí mi ò fẹnu kàn án. Ó ti dé ibi tó jẹ́ pé tí mi ò bá mu ún láàárọ̀, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Mi ò fẹ́ bá yín wá tẹ́lẹ̀. Mo wá torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo ti ń yẹra fún yín. Tó o bá tún rọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i, n bá mu ún."

Èmi tí mò ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ ṣe, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ṣáà ní, "Má bínú." Ó ní, "Lọ gbé máàtì mi wá." Mo lọ gbé e, a sì jókòó síta títí àwọn tó kù fi ṣe tán. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé òun náà dá owó ọtí bíi tiwa. Owó rẹ̀ la tún fi ń mu ohun tó ń sá fún.

Lọ́jọ́ kejì, a gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àárẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Àwọn ará Ìbàdàn ń pè é ní Láyípo, nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń yí bírí. Tí ẹ bá dé orí rẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ni ẹ ó máa rí lọ títí. Ibẹ̀ ni Kọmíṣọ́nnà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ní, "Èmi náà ò fẹ́ràn bíà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń dà á sídìí òdòdó."

Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ nílé, akápò wa yọ owó ọtí kúrò nínú owó ìrìn àjò. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ mu á ra tirẹ̀. A ò ní máa ra ọtí yí tábìlì ká mọ́.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má mutí o. Mo mu ìgò méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ní máàtì lòun fẹ́, ẹ gbé máàtì fún un, kẹ́ ẹ bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ẹ má bi í nídìí. Tó bá fẹ́ sọ, á sọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń dáwó nínú ẹgbẹ́ tiyín? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a máa gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, ire o.