Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Kíkọ́ Ìkànnì Kékeré fún Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ìbéèrè tí ẹ gbé fún mi ni pé: ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ ní ìkànnì tirẹ̀ lórí ayélujára, irú ẹ̀rọ wo ni kó fi kọ́ ọ, báwo ni kó sì ṣe ṣètò ojú ìwé rẹ̀? Ìdáhùn mi kò ju gbólóhùn kan lọ: èyí tí ẹ bá lè tọ́jú fúnra yín, tí kò sì ní ba àmì orí ọ̀rọ̀ jẹ́, òun ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn eku kí a tó wọn ìtẹ́. Kí ni ẹ fẹ́ kó síbẹ̀? Bó bá jẹ́ àpilẹ̀kọ ogún àti àwòrán díẹ̀ ni, ilé oníyàrá kan ti tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré lọ bá WordPress, tó ti wà láti ọdún 2003. Ó dára fún ẹgbẹ́ tí òǹkọ̀wé márùn-ún mẹ́fà ti ń kọ̀wé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ọ̀rọ̀ yín wà nínú àká kan, kóòdù PHP ló ń bù ú jáde, tó sì ń tò ó di ojú ìwé nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Kóòdù náà ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àfikún tí a so mọ́ ọn. Èyí tí a bá gbàgbé nínú wọn ni olè ń gbà wọlé.

Ọ̀nà kejì ni HTML lásán pẹ̀lú CSS díẹ̀. HTML ló ń sọ pé àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí. CSS ló ń sọ àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà. Ojú ìwé kan, fáìlì kan. Irú èyí ni Tim Berners-Lee fi bẹ̀rẹ̀ ní CERN ní nǹkan bí ọdún 1991, ẹ̀rọ òde òní sì ń ṣí i síbẹ̀. Ẹ lè da gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, kí ẹ sì ṣí i láìsí dátà. Bó bá sú yín láti máa tún àkọlé kan náà kọ sórí gbogbo ojú ìwé, Hugo tàbí Jekyll á bá yín ṣe é: ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ ó kọ, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di HTML. Bí ẹ̀rọ náà bá kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́la, HTML tó ti ṣe wà lọ́wọ́ yín.

Àwọn kan á ní, “Facebook ńkọ́?” Ilé onílé ni. Ẹ rántí GeoCities, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ ojú ìwé wọn sí. Yahoo tó ni í tì í pa lọ́dún 2009. Ìwọ̀nba ni àwọn olùfẹ́ ìtàn sì rí kó pamọ́. Ẹ lo Facebook bí agogo tí à ń lù pe ènìyàn. Ẹ má fi ṣe àká. Ẹ ra àdírẹ́sì ìkànnì ní orúkọ ara yín, kí ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹni tó gbà yín sílé bá yí padà, ẹ ó gbé fódà yín lọ síbòmíràn, àdírẹ́sì kò sì ní yí.

Ó kan ojú ìwé. Ẹ fi í sọ́kàn pé fóònù ni ọ̀pọ̀ á fi kà á, nítorí náà ẹ to ọ̀rọ̀ sí òpó kan ṣoṣo. Ẹ má gbàgbé ìlà tí wọ́n ń pè ní viewport lórí fáìlì. Láìsí i, fóònù á ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ńlá lòun, lẹ́tà á sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ìlànà WCAG gbà wá nímọ̀ràn pé kí ìlà má ju lẹ́tà 80 lọ, kí gíga ìlà sì tó 1.5. Èyí wúlò fún wa lọ́nà mìíràn: àmì ń bẹ lókè lẹ́tà wa, àmì ń bẹ nísàlẹ̀. Bí ìlà bá há mọ́ra, wọ́n á máa kọlu ara wọn.

Àmì yìí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi. Ẹ kọ UTF-8 sórí fáìlì, kí ẹ sì kọ lang="yo" kí ẹ̀rọ mọ̀ pé Yorùbá ni. Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń tò léra. Fọ́ǹtì tí kò mọ ìtò yìí á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto Sans, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mọ̀ ọ́n. Ẹ fi gbólóhùn yìí dán fọ́ǹtì wò kí ẹ tó yàn án: “Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé ọ̀nà dára?”

Ẹ̀wẹ̀, ẹ́ ṣeé tẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, ó kéré tán: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn, ẹ, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e, é, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ìwákiri kan mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wá “ẹ̀kọ́” lè má rí “ẹ̀kọ́” tó wà níwájú rẹ̀. NFC ni ìlànà tó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo fáìlì yín gba ibẹ̀ kọjá.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Bí àmì bá bọ́, igba, igbá àti ìgbà di ọ̀kan náà. Ẹni tó gbédè á fòye gbé e. Ọmọ wa tó ń kọ́ Yorùbá ní London tàbí ní Bahia ńkọ́? Ojú ìwé yín lè jẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo tó ní lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà fódà náà sí ibi mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ tí owó àdírẹ́sì ń pé sínú ìwé, kí ẹnì kan nínú ilé sì mọ̀ ọ́n, nítorí onílé ń lọ, ilé ń kù. Lálẹ́ òní, ẹ fi ojú ìwé kan péré bẹ̀rẹ̀. Ire o.